Bí A Ṣe Lè Pa Àbàtà Mọ́ fún Ẹyẹ Omi, Kí Ọmọ Ọdẹ sì Mọ Ìtọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tí ó bá ti gbé lẹ́bàá Ògùn, Ọ̀yán tàbí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Nígbà òjò, odò a kún bo bèbè, omi a tàn wọ inú àbàtà, àbàtà a sì gbà á sára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Inú omi títẹ́jú tí kò jìn yìí ni koríko, òjúoró, òṣíbàtà, ìgbín omi àti oríṣiríṣi kòkòrò ti ń pọ̀ sí i, ibẹ̀ náà sì ni pẹ́pẹ́yẹ igbó àti àwọn ẹyẹ omi mìíràn ti ń jẹun, tí wọ́n ń yé, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ wọn dàgbà.

Mo kọ ìlànà yìí fún àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ, òbí àti olùkọ́ tí wọ́n wà ní ilẹ̀ olómi wa, láti Ìlàjẹ dé Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, títí dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, àti fún àwọn tí wọ́n ń gbé nítòsí adágún omi tí a fi ìsédò ṣe, irú bí Ọ̀yán, Aṣéjìrè àti Ẹlẹ́yẹlé. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé ọmọ tí a bá kọ́ ní ìbọn kí a tó kọ́ ọ ní àbàtà, a kò tíì kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọdẹ. Nítorí náà, àbàtà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó kan ọmọ, kí n tó kan ìbọn.

Ẹ mọ àbàtà yín

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kí ẹ rìn yí àbàtà náà ká, kí ẹ sì mú àwọn ọ̀dọ́ dání. Ìrìn àkọ́kọ́ yóò wáyé ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí oṣù Kẹta, nígbà tí omi bá ti fà tán. Ìkejì yóò wáyé ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, nígbà tí ó bá kún dé etí. Nínú ìrìn ti ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ tí ẹ óò wá ni ibi tí omi ìkẹyìn kù sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ omi agbègbè náà yóò sá pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá ń yìnbọn lórí omi ìkẹyìn yìí kò ṣọdẹ; ohun tí kò níbi tí yóò sá sí ni ó ń kó. Èrò tèmi ni pé kí a má dẹ ẹyẹ níbẹ̀ rárá, láti ọdún dé ọdún, kí a sì sọ ibẹ̀ ní orúkọ kí ọmọdé lè mọ̀ ọ́n.

Nínú ìrìn ti òjò, ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tí ó ti ń jáde, ẹ wo koríko gíga tí ó yí etí omi ká, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń tẹ́ ìtẹ́ sí, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo igi gbígbẹ tí ó ní ihò. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì fi orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibùdó kọ̀ọ̀kan kọ ọ́, kì í ṣe orúkọ tuntun. Ẹ bi àwọn apẹja àgbà àti àwọn ìyá tí wọ́n ń já ewé tàbí tí wọ́n ń gé koríko ẹní ní ibi tí omi dé nígbà èwe wọn. Ìdáhùn wọn ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá àbàtà náà ń kéré sí i, ọmọ tí ó bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà kò ní gbàgbé.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mọ àwọn ẹyẹ fúnra wọn. Pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ọ̀pọ̀ ọdẹ mọ̀ ni èyí tí iwájú orí rẹ̀ funfun, tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ dúdú, tí àyà rẹ̀ pọ́n bí amọ̀, tí ó sì máa ń súfèé bí ó ti ń fò. Òru ni ó sábà máa ń jẹun. Ní ọ̀sán, ẹ ó rí agbo rẹ̀ tí wọ́n dúró gbọnrangandan sí etí omi. Ìgbà òjò ni ó ń yé, ó sì lè yé ẹyin mẹ́fà sí méjìlá sínú koríko. Akọ àti abo ni wọ́n jọ ń sàba fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí náà ẹni tí ó bá pa ọ̀kan nínú wọn lákòókò yìí lè ti ba odindi ìtẹ́ jẹ́. Bí àwọn ọmọ bá jáde, wọn kì í pẹ́ wọ omi, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n tó lè fò.

Òmíràn wà tí ó kéré gan-an, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹyẹlé lọ, tí akọ rẹ̀ ní ojú funfun àti ẹnu aláwọ̀ ìyeyè. Hóró òṣíbàtà ni ààyò oúnjẹ rẹ̀, inú ihò igi ni ó sì ń yé sí. Nígbà tí ẹnìkan bá gé igi gbígbẹ etí omi fún ìdáná, ó lè má mọ̀ pé ilé ẹyẹ yìí ni òun gbé lọ. Ẹ tún máa rí pẹ́pẹ́yẹ ńlá aláwọ̀ dúdú tí ó ní ẹ̀gún ní ibi tí apá rẹ̀ ti tẹ̀, tí akọ rẹ̀ lè wọn tó kìlógíráàmù mẹ́fà.

Ẹyẹ tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ọmọdé jù lọ, a kì í tilẹ̀ dẹ ẹ́ fún ẹran. Òun ni ẹyẹ pupa rúsúrúsú tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí ó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà tí kò sì rì. Akọ rẹ̀ ni ó ń sàba, akọ náà ni ó sì ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, a kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, a sì gbé wọn sá, tí ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò máa fì dirodiro nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi fojú ara rẹ̀ rí èyí lẹ́ẹ̀kan, ìkìlọ̀ yín kò ní pọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Àwọn ẹyẹ àlejò náà wà. Láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń ti Yúróòpù àti Éṣíà bọ̀, tí wọ́n ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, wọn a sì padà ní nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Òkè Ọya ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ àlejò ń gbà dúró, ní ilẹ̀ olómi Hadejia àti Nguru, èyí tí omi rẹ̀ ti dínkù láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ìsédò Tiga ní ọdún 1974 àti ti Challawa ní ọdún 1992. Bí ibùdó kan bá ń gbẹ, ẹrù àwọn tí ó kù yóò wúwo sí i, títí kan àbàtà kékeré tí ó wà lẹ́yìn oko yín.

Ohun tí ń pa àbàtà, àti ọwọ́ tí a lè fi mú un

Yanrìn ni ó ń pa á jù ní Èkó. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ó wà ní Lẹ́kì àti Àjá lónìí, àbàtà ni kí wọ́n tó da yanrìn dí i. Ẹ kò lè dá ìlú ńlá dúró, ṣùgbọ́n ìdílé tí ó ni ilẹ̀ lè pinnu ohun tí kò ní tà. Ẹ pe olórí ẹbí, Baálẹ̀ àti Olúọdẹ jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kéré tán, ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ láti etí omi tí ó kún kò ní jẹ́ títà, a kò ní kọ́lé síbẹ̀, a kò sì ní ro ó. Ẹ gbin pèrègún sí ààlà rẹ̀, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí pèrègún ń sọ lórí ilẹ̀. Láàárín ààlà náà, ẹ jẹ́ kí ògùrọ̀, abùrà àti koríko ìbílẹ̀ hù bí ó ti wù wọ́n. Àwọn ni yóò dá ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ oko dúró kí ó má bàa ṣàn wọ inú omi.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè èrè tí ó wà nínú ilẹ̀ tí a kò lò, ẹ rán an létí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa ya wọ inú ìlú, ó sì gbé ènìyàn àti dúkìá lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ṣọṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Òjò pọ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí a ti gba ilẹ̀ tí ó ń tàn sí kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju inú ilé lọ. Àbàtà tí a fi sílẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ ni ó ń gba àgbàrá náà dúró fún wa.

Iná ni ọ̀ràn tí ó kan àwa ọdẹ gbọ̀ngbọ̀n. A máa ń tinábọ koríko kí ọ̀yà lè jáde, iná náà a sì jó dé etí omi. N kò sọ pé kí a má tinábọ igbó mọ́, nítorí koríko tí kò jóná rí a máa dí jù, ẹyẹ kò sì ní rí ibi gùnlẹ̀ sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ pín etí àbàtà sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ sì sun ìdá kan péré lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ìsàlẹ̀ koríko ṣì tutù, tí àwọn ọmọ ẹyẹ sì ti lè fò. Ẹ ro ọ̀nà iná kí ẹ tó ṣáná, kí ènìyàn méjì ó kéré tán sì dúró tì í títí yóò fi kú pátápátá. Bí ilẹ̀ àbàtà fúnra rẹ̀ bá ti gbẹ tí ó kún fún gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà, ẹ má sun ún rárá: iná a máa rá pálá sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Lórí májèlé, n kò ní ohun tí mo lè fi bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó da Gamalin tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn sínú omi láti kó ẹja, tàbí tí ó fi po ọkà láti kó pẹ́pẹ́yẹ, ń fi májèlé bọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹran tí májèlé pa kì í bọ́ lọ́wọ́ májèlé nínú ọbẹ̀. Ẹyẹ tí ó bá sì jẹ òkú rẹ̀ yóò tún kú. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ ṣe é ní òfin pé ẹni tí ó bá ṣe é kì í ṣe ọdẹ mọ́, kí òfin náà sì mú ọmọ Olúọdẹ bí yóò ti mú àlejò. Bí pẹ́pẹ́yẹ bá ń jẹ ìrẹsì olóko, ẹ bá a ṣọ́ oko lóru, nítorí òru ni wọ́n ń wá. Ẹ gba olóko náà nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ gbin ìrẹsì sí ibi ìtọ́jú kí ó tó lọ́ ọ sínú omi, dípò kí ó fọ́n irúgbìn sórí omi tí ó dà bí oúnjẹ tí a tẹ́ sílẹ̀ fún ẹyẹ. Okùn tí a so agolo mọ́ náà máa ń ṣiṣẹ́, bí a bá ń pààrọ̀ ipò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ mélòó kan.

Ewéko kan wà tí ó ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, tí ó sì bo ojú omi bí ẹní. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni wọ́n rí i tí ó gba ọ̀nà omi Benin wọ ọ̀sà Àgbádárìgì. Kì í ṣe òjúoró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà, ọmọ ọdẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn: òjúoró kò ní igi ewé, ó tẹ́ bí òdòdó rósì sórí omi; ewé òṣíbàtà tẹ́ pẹrẹsẹ, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú ẹrẹ̀; ti àlejò yìí ní igi ewé tí ó wú bí àpò tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Ẹ fi ọwọ́ tu ú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ó tó so, ẹ má gé e, nítorí gbogbo èyí tí ó bá ṣẹ́ kù yóò tún hù. Ẹ kó o jìnnà sí ibi tí omi lè dé, kí ó gbẹ, kí ó sì di ajílẹ̀. Ẹ ṣí ojú omi sílẹ̀ ní àyíká ibi tí òṣíbàtà wà kí ẹ tó kan ibòmíràn, nítorí níbẹ̀ ni oúnjẹ ẹyẹ wà.

Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdẹ

Ọdún àkọ́kọ́ kò ní ìbọn nínú. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ ọmọ ọmọkùnrin tí ó ń wo ìbọn bàbá rẹ̀ lójú lórí ògiri, ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ohun tí ó bá sì kọ́ láìsí ìbọn ni yóò máa darí rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé kékeré àti bírò, àti awò ìwòran bí ẹ bá ní in. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dé etí omi kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i lójú, kí ó má ṣe sọ̀rọ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó rí: ọjọ́, àkókò, bí omi ṣe ga tó lára òpó tí ẹ rì mọ́lẹ̀, irú ẹyẹ, iye wọn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kíkà agbo ẹyẹ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ ka mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó wo bí mẹ́wàá náà ṣe gbòòrò tó lójú, kí ó wá fi ìwọ̀n yẹn gbá gbogbo agbo náà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí agbo bá pọ̀ gan-an, kí ó fi ọgọ́rùn-ún díwọ̀n. Kí ènìyàn méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó fi iye tí wọ́n rí wé ara wọn, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ iye ti ẹlòmíràn kò ní rí tirẹ̀ mọ́. Ẹ lè fi hóró àgbàdo kọ́ ọ nílé: ẹ da á sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wò ó fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí ó sọ iye rẹ̀, kí ẹ sì jọ kà á.

Ọgbọ́n ìbílẹ̀ wa ní ohun tí ìwé kò ní. Nínú ìjálá, àwọn bàbá wa máa ń ki ẹranko àti ẹyẹ, wọn a sọ ìrìn rẹ̀, ìwà rẹ̀, ohun tí ó ń jẹ àti ibi tí ó ń sùn, ọmọ tí ó bá sì gbọ́ oríkì ẹran ti mọ ẹran náà kí ó tó pàdé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà ọdẹ kan máa sun ìjálá fún àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrìn, kí àwọn náà sì gbìyànjú láti ṣẹ̀dá oríkì fún ẹyẹ omi tí wọ́n rí. Ọmọ tí kò bá wo ẹyẹ dáadáa kò lè kì í.

Ní ọdún kejì, bí ó bá ti dàgbà tó, tí òfin sì fàyè gbà á, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìbọn. Ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ ọmọ. Òfin ẹranko ìgbẹ́ sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, nítorí náà ẹ mú ọmọ náà lọ sí iléeṣẹ́ tí ó ń bójú tó igbó ọba ní ìpínlẹ̀ yín, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ẹyẹ tí a lè dẹ àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Lórí omi, ewu ìbọn jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ọta tí a yìn tẹ́ ojú omi a máa ta padà, ó sì lè ba apẹja tí ó wà lẹ́yìn esùsú. Nítorí náà, a kì í yìnbọn sí ẹyẹ tí ó wà lórí omi bí a kò bá rí gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì ni ọkọ̀: ìbọn tí ó ní ọta nínú kò gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ó ń rìn, ènìyàn kan ṣoṣo ni ó sì lè yìnbọn láti inú ọkọ̀ tí ó dúró.

Ẹ kọ́ ọ ní ìwọ̀n jíjìnnà. Ẹ ri òpó kan mọ́lẹ̀, kí ọmọ náà wọn mítà 35 sẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì máa wò ó títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó bá kọjá òpó yẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà ni ó ń lò, kí òpó náà sún mọ́ ọn dáadáa. Kò gbọdọ̀ yìnbọn sí àárín agbo láé. Ẹni tí ó yìnbọn sí agbo lè mú méjì relé, kí mẹ́rin sì fò lọ pẹ̀lú ọta lára, kí wọ́n lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí wọn. Ẹyẹ kan ni kí ó yàn, kí ó sì mọ irú èyí tí ó jẹ́ kí ó tó fa ìbọn. Èyí tí ó bá ṣubú, kí ó wá a títí yóò fi rí i, bí ó tilẹ̀ gba gbogbo òwúrọ̀ náà, kí ó sì kà á mọ́ iye tí ẹgbẹ́ fún un àyè láti pa, ìbáà rí i, ìbáà má rí i.

Ọ̀rọ̀ òjé kò gbọdọ̀ fò wá. Pẹ́pẹ́yẹ máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè lọ oúnjẹ. Bí ó bá rí ọta òjé nínú ẹrẹ̀, yóò gbé e mì bí òkúta, iwe a lọ̀ ọ́, májèlé rẹ̀ a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọta kan tàbí méjì lè pa á. Amẹ́ríkà fòfin de ọta òjé fún ìdẹ ẹyẹ omi jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1991. Òfin irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ olómi Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ọta irin ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Ẹ má ki ọta irin sínú ògbólógbòó ìbọn bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìbọn kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí irin le ju òjé lọ, ó sì lè ba ọ̀pá ìbọn jẹ́. Ní ibi tí a kò bá ti rí ọta irin, ẹ má yìnbọn lórí omi títẹ́jú tí wọ́n ti ń jẹun, kí ẹ gé ẹran ibi tí ọta gbà wọlé dànù, kí ẹ má sì fún ọmọ kékeré tàbí aboyún ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ jẹ.

Ẹyẹ tí ó kú fúnra rẹ̀, tàbí tí ó ń ṣe ṣégeṣège, a kì í fọwọ́ kàn án. Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn lùkúlùkú H5N1 ní gbogbo Áfíríkà, ní oṣù Kejì ọdún 2006, ẹyẹ omi sì lè gbé àrùn náà kiri. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ bí ẹ bá rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ.

Àdéhùn, owó àti ìwé ìṣirò

Kí ẹgbẹ́ ọdẹ yan ìgbà ìsinmi fún ẹyẹ omi. Nítorí pé ìgbà òjò ni pẹ́pẹ́yẹ igbó wa ń yé, mo dá a lábàá pé kí ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Kọkànlá. Bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá le ju èyí lọ, òfin ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìdí mìíràn wà fún ìsinmi gígùn: lẹ́yìn ìyé, ìyẹ́ ìfò pẹ́pẹ́yẹ a máa já dànù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní lè fò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní àkókò yẹn, ọmọdé lè fi igi lásán pa á. Ẹ fi iye sí ohun tí ọdẹ kọ̀ọ̀kan lè pa lọ́jọ́ kan nínú oṣù tí a ṣí sílẹ̀, kí iye náà sì wá láti inú ìwé ìkàyè tí àwọn ọmọ ń kọ. Bí iye ẹyẹ bá dínkù ní ọdún méjì léra, kí ẹ dín iye pípa kù, tàbí kí ẹ ti ìdẹ pátápátá.

Iṣẹ́ yìí ń gba owó, irú bí owó ọkọ̀, àdá, igi tí a óò gbìn àti oúnjẹ ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀nà tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà gbà rí owó tiwọn yẹ kí a wò. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀dá ńlá àti gbígbẹ́ omi kúrò ní ilẹ̀ fún oko ti mú kí pẹ́pẹ́yẹ wọn dínkù gan-an. Ní oṣù Kẹta ọdún 1934, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin pé gbogbo ẹni tí ó bá pé ọdún 16 tí ó fẹ́ dẹ ẹyẹ omi gbọ́dọ̀ ra sítáǹbù kan lọ́dọọdún. Jay Norwood Darling, ayàwòrán ìwé ìròyìn tí ó ń darí ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ nígbà náà, ni ó ya sítáǹbù àkọ́kọ́. Dọ́là kan ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Dọ́là 25 ni lónìí. Sẹ́ńtì 98 nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan ni ó ń lọ sórí rírà àti pípa ilẹ̀ olómi mọ́, ilẹ̀ tí wọ́n sì ti fi owó náà dáàbò bò ti ju éékà mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Ọdẹ ni ó san èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ lè yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ nìkan, nígbà tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọmọ ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé níbẹ̀, tí ọmọ yín bá fẹ́ ṣọdẹ, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti gba ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ tí ìpínlẹ̀ yín ń ṣe.

Àwa náà lè ṣe é ní ìwọ̀n tiwa. Kí ọdẹ kọ̀ọ̀kan dá owó kan kí oṣù Kejìlá tó wọlé, bí a ti ń dá èésú, kí akápò kọ ọ́ sílẹ̀, kí a má sì ná an lórí ohun mìíràn ju àbàtà lọ. Kí olùkọ́ náà má gbé ìbọn ní ọjọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ: ojú rẹ̀ kò lè wà lára ẹyẹ, kí ó tún wà lára ọmọ.

Benin ti fi ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sí abẹ́ àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ olómi láti ọdún 2000, Nàìjíríà sì wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 2001. Oṣù Kìíní ni wọ́n ń ka ẹyẹ omi ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ fi ìkàyè yín tí ó tóbi jù sí oṣù yẹn. Kí àwọn ọmọ kà á ní àárọ̀ kan náà lọ́dọọdún, láti ibi kan náà, kí wọ́n kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé Olúọdẹ, kí èkejì lọ sí iléeṣẹ́ igbó ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, tí í ṣe Àyájọ́ Ilẹ̀ Olómi Àgbáyé, kí ọmọ tí ó kéré jù nínú wọn dìde níwájú Baálẹ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́, kí ó ka iye tọdún yìí, kí ó sì ka ti ọdún tí ó kọjá tẹ̀ lé e.